Ilẹ̀ Dúdú Tí Mo Fi Lé Yín Lọ́wọ́

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà fún ẹni tí kò sí nítòsí. Ṣé alàáfíà lẹ wà? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Sìdíkátù àbúrò mi, mo kí ọ. Ìwọ lo máa ka ìwé yìí sí Màámi létí, torí náà mo bẹ̀ ọ́, má fo ibì kankan, má sì bá mi dín ọ̀rọ̀ kù. Bí o bá dé ibi tí inú rẹ ti bàjẹ́ sí mi, sinmi, mu omi, kí o wá máa kà á lọ. Píọ̀ wọ́tà ni kí o mu, má fa ti kànga. Ohun tó fà á wà níwájú.

Ẹ máa bi ara yín pé kí ló dé tí mi ò pè yín lórí fóònù bí mo ti máa ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú, tó jẹ́ ìwé ni mo jókòó kọ, tí mo tún ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo Àpòmù àti Ìkirè lè rí i kà. Màámi, mo ti gbìyànjú fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ti gbé e báyìí, àdúrà ni. Ẹ ò ní mí, ẹ ò ní sinmi. Ẹ ó ní ọmọ tó gba ìyá lọ́wọ́ ìtìjú ni mí, ẹ ó ní irú mi ṣọ̀wọ́n. Mo wá ń béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ nílé. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ẹ tilẹ̀ dá mi lóhùn pé ṣé òjò ni mo fẹ́ rà ni.

Ìdí kejì ni pé gbangba ni wọ́n ti ba ẹni tí mo ṣẹ̀ lórúkọ jẹ́. Ẹni tí a bú lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, a kì í lọ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Sìdí sọ fún mi pé Ìyá Múlíkà, ìyáálé yín, ti ń di ẹrù, pé Múlíkà ọmọ wọn máa wá kó wọn lọ sí Wásinmi kí oṣù yìí tó parí. Ẹ ní wọ́n fi ọwọ́ ayé ba ilẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín jẹ́, ẹ ní wọ́n da nǹkan sínú kànga ilé. Kí wọ́n tó bí mi ni Ìyá Múlíkà ti wà nínú ilé yẹn. Nígbà tí ẹ bá gbé dòdò lọ sójú títì, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń wà. Ògì tí wọ́n ń sẹ́ ni ẹ fi já mi lẹ́nu ọmú. Màámi, Ìyá Múlíkà ò ba ilẹ̀ kankan jẹ́. Èmi Ràṣídì, ọmọ tí ẹ bí, ni mo bà á jẹ́. Mo mọ̀ nígbà tí mò ń ṣe é pé kò dáa, mo sì bò ó mọ́lẹ̀ kí n tó wọ bàálù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo wà yìí, bóyá màá lè ní ìgboyà dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ti sọ fún yín pé iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ là ń wà. Ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n máa ń gbé fún ilé iṣẹ́ wa láti tún ṣe, kí àwọn mìíràn tó wá kọ́lé sórí rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè pé kí ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ tó bàjẹ́, mi ò sì fẹ́ dáhùn.

Òtútù ibí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ẹnu sọ. Láàárọ̀, èéfín á máa jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé mo dáná sínú. Ilẹ̀ á ti le gbagidi, ṣọ́bìrì á máa ta padà. Nínú yàrá tí mò ń gbé, èmi nìkan ni. Bí mo bá sín, kò sẹ́ni tó máa sọ pé pẹ̀lẹ́. Mo ń rí àgbagbà rà nílé ìtajà kan tí kò jìnnà sí mi, mo ń jẹ́ kó pọ́n àpọ́njù bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo ń dín in, àmọ́ dòdò Ìkirè kọ́. Ọ̀gbẹ́ni tí a jọ ń lo ilé ìdáná ní kí ni mò ń jó. Mo ní oúnjẹ ìyá mi ni. Ó wo inú páànù, ó wò mí, ó ní òun bá mi kẹ́dùn.

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé wa lọ síbì kan ní ìpẹ̀kun ìlú. Ilẹ̀ gbalasa lásán ni, wọ́n fi wáyà yí i ká. Wọ́n fún wa ní aṣọ funfun tó bò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́, ìbòmú, bàtà tó ga dé orúnkún. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ wọ bàtà yẹn jáde láìfọ̀ ọ́. Mo ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé òyìnbó fẹ́ràn àṣejù. Nígbà tí katapílà wá gbé erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sókè, òórùn tó jáde gbá mi nímú, mo sì dúró gbagidi. Màámi, òórùn ṣọ́ọ̀bù mi ni. Òórùn tó máa ń wà lára aṣọ mi, tí ẹ fi máa ń ní kí n bọ́ ọ síta kí n tó wọlé wá jẹun. Mo bojú wo inú ihò náà: ó dúdú, ó ń dán, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Mo bi ọ̀gá wa pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní mẹkáníìkì kan ló ní ibẹ̀, pé ọkùnrin náà ti kú tipẹ́, pé ọmọ rẹ̀ gan-an ti darúgbó.

Ọ̀gá wa yìí, òyìnbó àgbàlagbà kan ni tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ yẹn ó sọ̀rọ̀. Ó ní èèyàn máa ń da ọ́ìlì sílẹ̀, á rò pé ilẹ̀ ti mu ún, pé ó ti tán. Ó ní kì í tán. Bí òjò bá ṣe ń rọ̀ ni á máa tì í lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá omi. Ó ní ti òjé inú bátìrì tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun kì í jẹrà. Ibi tó bá jókòó sí ló máa wà, ẹ̀fọ́ lè fà á, ọmọdé tó bá ń fi erùpẹ̀ ṣeré lè kó o sẹ́nu, á sì máa ṣe ọpọlọ ọmọ náà léṣe láìsí ẹni tó mọ̀. Ó mọ̀ pé mẹkáníìkì ni mí nílé. Ó wá bi mí pé kí ni àwa ń ṣe sí ọ́ìlì tiwa.

Mo ní inú dúrọ́ọ̀mù la máa ń rọ ọ́ sí, pé àwọn kan máa ń wá kó o. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ gbóríyìn fún wa. Mo padà sídìí ṣọ́bìrì mi, mi ò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni títí a fi ṣíwọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo ṣu sílẹ̀ nílé, ìgbẹ́ ẹlòmíràn ni mo wá ń kó níbí, ti ilé sì ń run sí mi nímú lójoojúmọ́.

Ẹ rántí bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa, níbi tó kọjú sí ọ̀nà Ìkirè, ọgbà àgbagbà yín ló wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti gbé yín níyàwó wá láti Ìkirè. Bàbá, kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ wọn, ni wọ́n fi ilẹ̀ náà jíǹkí yín nítorí dòdò tí ẹ mọ̀ ọ́n dín. Ẹ kì í ra àgbagbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ gbìn ín, ẹ̀yin lẹ bẹ́ ẹ, ẹ ó jẹ́ kó pọ́n títí èèpo rẹ̀ á fi dúdú, ẹ ó gún un mọ́ ata, ẹ ó dín in sínú epo pupa. Dòdò yẹn ló rán mi nílé ìwé, òun náà ló sì ṣe ayẹyẹ fúrídọ̀mù fún mi nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tán. Nígbà tí mo wá ń wá ibi tí mo máa ti ṣiṣẹ́, mo ní ibẹ̀ súnmọ́ títì, oníbàárà á tètè rí mi. Ẹ ò jiyàn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi àdá bẹ́ àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn lulẹ̀, ẹ ní ọmọ ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Mo ṣèlérí pé bó bá yá, mo máa dá a padà fún yín bí mo ṣe gbà á.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Bí a bá ti tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì, ilẹ̀ ni ọ́ìlì dúdú yẹn ń dà sí. Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù là ń pè é, torí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nínú ẹ́ńjìnì. Orúkọ yẹn nìkan yẹ kó ti là mí lójú, pé ohun tí irin kọ̀, mo ń gbé e fún ilẹ̀ tó ń bọ́ wa. Nígbà tí iwájú ṣọ́ọ̀bù wá ń yọ̀, mo gbẹ́ kòtò sẹ́yìn, lápá ibi tí kànga wà, mo ń dà á síbẹ̀. Pẹtiróòlù tí mo bá fi fọ irin, inú kòtò. Bátìrì tó bá ti kú, mo máa ń fọ́ ọ kí n lè yọ òjé rẹ̀ tà. Ásíìdì tó wà nínú rẹ̀, inú kòtò náà ni.

Mi ò ṣe é nítorí pé mi ò mọ̀. Bàbá dúró tì mí lọ́jọ́ kan, kí àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ tí kò lè hu koríko mọ́ yìí, ṣé kì í ṣe pé mò ń pa á. Mo dá wọn lóhùn pé ikán kì í dé ibi tí ọ́ìlì bá wà, pé ilé ni mò ń dáàbò bò. Òótọ́ ni pé ikán ń sá fún un. Ẹ̀yin náà ti bù ú lọ́wọ́ mi rí láti fi kun ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Àmọ́ mi ò bi ara mi pé kí ni ikán rí tó fi ń sá. Bàbá mi orí, wọ́n bá tiwọn lọ.

Nígbà tí ìwé ìrìnnà mi wá jáde, mo rántí ìlérí mi, ojú sì tì mí láti fi ilẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Dípò kí n sọ òótọ́ fún yín, mo pe onítípà kan pé kó bá mi já erùpẹ̀ pupa. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo mú, ìgbà tí mo mọ̀ pé gbogbo ilé á wà ní mọ́sálásí. Mo sọ fún yín pé inú ń run mi. Ìmáàmù ń ṣe wàásù lọ́wọ́, mò ń gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti ibi tí mo wà, bẹ́ẹ̀ ni mò ń fi ṣọ́bìrì tẹ́ erùpẹ̀ pupa lé kòtò lórí. Kí ẹ tó dé, ilẹ̀ ti tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ rí i, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ ṣàdúrà pé mi ò ní rí àbùkù níbi tí mò ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ ti gbé ọkọ́. Ọkọ́ yín gba inú erùpẹ̀ pupa kọjá, ó kan ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́, ẹ gbé e wá bá mi níbi tí mo ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, inú yín ń dùn. Ẹ ní ilẹ̀ dúdú ni. Ẹ ní ọdún mẹ́sàn-án tí ilẹ̀ náà fi sinmi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló sọ ọ́ dọ̀tun. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti pe ilẹ̀ ní dúdú, wọ́n ti yìn ín tán. Òun là ń gbin iṣu sí, òun làwọn bàbá wa ń wá kiri nígbà tí wọ́n ń dá oko kókó. Ẹ gbé e sún mọ́ imú, ẹ ní ó tiẹ̀ ń run mẹkáníìkì díẹ̀. Mo ní aṣọ iṣẹ́ mi tó wà lórí àpótí lẹ ń gbóòórùn rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbà á gbọ́, ẹ sì fi ọwọ́ kan náà pa mí lórí.

Màámi, nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ọ̀rọ̀ aṣọ iṣẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù. Fún ọdún mẹ́sàn-án, mo da ọ́ìlì sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo dalẹ̀.

Ìyókù, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ gbìn yọ ewé méjì, ewé náà pọ́n rúsúrúsú, ó kú. Ẹ tún òmíràn gbìn. Omi òjò kì í wọ ilẹ̀ náà, ó ń yí lórí rẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Ṣọkọ tí ẹ gbìn sí àárín rẹ̀ ò tilẹ̀ yọjú. Bẹ́ẹ̀ ata àti gbúre Ìyá Múlíkà tó wà lẹ́yìnkùlé, lápá òkè níbi tí ọ́ìlì mi ò dé, ń tutù minimini. Lẹ́yìn náà ni kànga bẹ̀rẹ̀ sí í run kẹrosíìnì, tí nǹkan aláràbarà bí òṣùmàrè ń léfòó lójú omi. Ìyá Múlíkà ló sì máa ń kọ́kọ́ dé ìdí kànga láàárọ̀, nítorí ògì tí wọ́n ń tà. Ẹ wá so ó pọ̀. Ẹ ní ẹni tí ọgbà tirẹ̀ ń tutù, tó tún ń ṣáájú gbogbo ayé dé ìdí omi, kí ni wọ́n tún fẹ́ kí ẹ wádìí. Ẹ sọ ọ́ nínú ilé, ẹ sọ ọ́ lójú àwọn ìyá Aṣálátù níbi àdúrà ọjọ́ Àìkú.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò ra ògì lọ́wọ́ wọn mọ́. Ọmọdé ò gbọdọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Sìdí ní bí wọ́n bá kí èèyàn láàárọ̀, àwọn mìíràn á ṣe bí ẹni pé wọn ò gbọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ ń ròyìn rẹ̀ fún mi ni mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ẹ ó ní kí Ọlọ́hun mú ẹni tó ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́, èmi á sì ṣe àmín lókè òkun níbí. Mo ń ṣe àmín sí èpè ara mi, mo sì ń jẹ́ kí ẹ máa wo ojú ẹlòmíràn ṣẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo wá gbọ́ pé wọ́n ń di ẹrù, mo ní kí Sìdí gbé fóònù fún wọn. Èrò mi ni pé kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún wọn, torí ó rọrùn ju kí n jẹ́wọ́ fún yín lọ. Mo ń yí ọ̀rọ̀ ká, mo ń kí wọn kú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ni, àwọn mọ̀. Wọ́n ní orúnkún náà ni kò jẹ́ kí àwọn lè lọ mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, pé ojú fèrèsé ni àwọn jókòó sí, àwọn rí típà, àwọn rí kòtò, àwọn sì rí mi. Lọ́jọ́ kan tí ẹ lọ ra àgbagbà ní Orílẹ̀-Òwu, wọ́n mú ọkọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n wú erùpẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ní láti ìgbà náà ni àwọn ti ń lọ pọn omi ẹ̀rọ lójú títì fún ògì àwọn. Wọ́n ní àwọn sọ fún yín pé kí ẹ má mu omi kànga mọ́, pé ẹ ní ṣé wọ́n fẹ́ jogún kànga ni.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní ta ló máa gbà á gbọ́, kí ìyáálé máa ka ẹ̀sùn sí ọmọ ìyàwó lẹ́sẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú òyìnbó. Wọ́n á ní ìlara ni. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Wọ́n tún ní ẹ ti fi mí yangàn láti Àpòmù dé Ìkirè, pé bí ẹ bá gbọ́ pé èmi ni, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ máa gbé ojú sí. Wọ́n ní orúkọ àjẹ́ ò lè pa àwọn, àmọ́ ìtìjú ọmọ lè pa yín. Wọ́n ní ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, pé ọmọ àwọn náà ni mí. Wọ́n wá kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín, kí n jẹ́ kí àwọn rọra máa lọ sí Wásinmi. Ìdúró ni mo wà nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà kan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, àwọn èèyàn ń yà fún mi.

Mo ti rú òfin wọn báyìí. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi gbèjà ara mi. Ohun tí a lè ṣe sí ilẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ, bí ẹni tó ń fi ilẹ̀ títún ṣe jẹun. Omi kànga yẹn, ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má fi wẹ ọmọ Sìdí. Ẹ dé e pa. Owó ẹ̀rọ omi tí gbogbo ilé á máa lò ti ń dé ọwọ́ Sìdí díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbin ohun jíjẹ kankan sórí ilẹ̀ náà mọ́, pàápàá ẹ̀fọ́, ẹ má sì jẹ́ kí adìẹ máa jẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí mo ti ń fọ́ bátìrì, a máa wú erùpẹ̀ ibẹ̀ kúrò pátápátá. Inú dúrọ́ọ̀mù onídèérí ló máa wà títí mo fi máa rí àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó irú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dà á sódò tàbí sẹ́yìnkùlé ẹlòmíràn, kí ọ̀rọ̀ wa má di pé a gbé àìsàn fún aládùúgbò.

Ibi tó jẹ́ ọ́ìlì nìkan ló wà níbẹ̀, ọ̀gá mi ní ilẹ̀ lè bá a jà bí a bá ràn án lọ́wọ́. Kí a tú u, kí a po ìgbẹ́ adìẹ àti lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́mìlì mọ́ ọn, kí a máa wọ́n omi sí i, kí a sì máa tún un tú kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ó ní àwọn kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀ tí ojú ò lè rí, tí wọ́n máa ń jẹ ọ́ìlì náà díẹ̀díẹ̀. Ó máa pẹ́. Mi ò lè sọ ọjọ́ tí àgbagbà máa tún so níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ tún fi ẹnu dídùn tàn yín jẹ.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́, tí ẹ ti ní ṣọ́ọ̀bù tiyín ní Gbọ̀ngán àti lọ́nà Ìkirè, mo mọ̀ pé wọ́n á fi ìwé yìí hàn yín. Ọwọ́ mi lẹ ti kọ́ ọ láti máa da ọ́ìlì sílẹ̀, torí náà ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ gbé bàsíà sábẹ́ ẹ́ńjìnì kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e. Àwọn tó ń rà á kiri wà, ẹni tó máa tún un lò ni kí ẹ tà á fún. Bó bá ta sílẹ̀, ẹ da lẹ́búlẹ́bú pákó lé e kó fà á mu, kí ẹ kó o kúrò kí òjò tó dé. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ibi tí ẹ ti ń tú mọ́tò. Bátìrì tó kú, odindi ni kí ẹ tà á, ẹ má fọ́ ọ. Ó rọrùn débi pé ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Ohun tí mo fi ba ilẹ̀ ìyá mi jẹ́, kẹ́ẹ̀gì kan lè gbà á, kí n sì lọ ra òmíràn bó bá kún.

Sìdí, lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, gbé ìwé yìí lọ sí Aṣálátù, kí o kà á sí wọn létí bí o ṣe kà á nílé. Màámi, mo mọ̀ pé wọ́n á máa wò yín. Wọ́n á ní ọmọ tí Ìyá Ràṣídì ń fi yangàn nìyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ìtìjú yìí, tèmi ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e ru arúgbó tí orúnkún ń dùn, tó sì ń rù ú láìkùn.

Kí Ọlọ́hun fún yín ní ẹ̀mí gígùn nínú ìlera. Kí ó má jẹ́ kí ọmọ tí Sìdí bí fojú yín rí ohun tí èmi fi ojú yín rí. Kí ó dárí jì mí, kí ẹ̀yin náà sì dárí jì mí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ lónìí. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ bá mi kí ìmáàmù àti àwọn ìyá Aṣálátù. Ẹ bá mi kí àwọn ẹbí yín ní Ìkirè.

Ìyá Múlíkà nìkan ni mi ò ní ní kí ẹ bá mi kí. Màámi, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ sí yàrá wọn fúnra yín kí wọ́n tó di ẹrù náà tán. Ẹ kúnlẹ̀ fún wọn bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀ fún ìyáálé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dìde, ẹ má tíì dìde. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀ sí i nítorí èmi tí mi ò sí nílé láti dọ̀bálẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín, ẹ̀yin ìyá mi méjèèjì,
Ràṣídì.